TESLIM "THUNDER" BALÓGUN: ÀRÁ TÓ SÁN DÉ ÌLÚ ÒYÌNBÓ

 

Nínú ìwé àyájọ́ bí irú èyí, ó dára ká máa sọ ìtàn ẹni ńlá kan tó ti lọ, kí àwọn ọmọ wa lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la mú. Ẹ má ṣe bi wá pé kí ló kan ìyá ọlọ́jà nínú bọ́ọ̀lù. Ta ni nínú wa tí kò ní ọmọ tó ń fi bàtà ilé ìwé gbá bọ́ọ̀lù títí tó fi ya? Ta ni kò mọ̀ pé ọjọ́ tí Nàìjíríà bá ń gbá bọ́ọ̀lù, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, oníbàárà ò sí mọ́, kálukú ti sáré lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n? Kí Kanu àti Okocha tó dé, kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ Super Eagles, ọkùnrin kan ti wà tí orúkọ rẹ̀ kún ẹnu gbogbo ènìyàn láti Èkó dé Jos. Teslim Balógun lorúkọ rẹ̀. Thunder ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àrá.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1927 ni wọ́n bí Teslim Balógun ní Èkó. Ọmọ Yorùbá ni, mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n Port Harcourt ló ti lọ sílé ìwé, ní St. Mary's Catholic School. Ẹ̀yin náà mọ bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí. Ibi tí iṣẹ́ bá gbé òbí dé ni ọmọ ń bá a dé. Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló ṣe ń ru aṣọ kiri gbogbo ìlú, tí wọ́n ń bímọ sí ibi tí ọjà bá gbé wọn dé, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ilé iṣẹ́ òyìnbó ṣe ń ká ẹrù láti ìlú kan bọ́ sí òmíràn.

Ibi tó dàgbà sí yìí ló fi mọ bọ́ọ̀lù. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe èyí tí aṣọ́lé máa rọra gbé mọ́ra bí ìyá tó fẹ́ pọn ọmọ. Bí ẹdùn àrá ló ń bọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Thunder ti wá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn mìíràn ò mọ Teslim mọ́.

BỌ́Ọ̀LÙ AYÉ ÌGBÀ NÁÀ

Kí àwọn ọmọ tó ń rí owó gọbọi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà lónìí má baà ṣì í gbọ́, ó yẹ ká ṣàlàyé. Láyé Thunder, kò sí ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun ní Nàìjíríà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Rélùwéè ní tiẹ̀, àwọn Marine tó ń tọ́jú ọkọ̀ ojú omi ní tiwọn, UAC ní tiẹ̀, àwọn báńkì náà ní tiwọn. Tí wọ́n bá rí ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, wọ́n á fún un níṣẹ́ ní ọ́fíìsì tàbí ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù wọn. Á ṣiṣẹ́ láàárọ̀, á gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Owó oṣù tó ń gbà, ti iṣẹ́ ni, kì í ṣe ti góòlù tó gbá wọlé.

Ẹ̀yin ará Òṣogbo á tètè yé. Ọdún 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo, ọ̀pọ̀ bàbá wa ló sì ti inú iṣẹ́ rélùwéè tọ́ ọmọ. Ìròyìn bọ́ọ̀lù ń bá ọkọ̀ ojú irin rìn nígbà náà bí kòkó àti aṣọ ṣe ń bá a rìn. Tí ẹgbẹ́ Rélùwéè bá borí ní Èkó, kì í pẹ́ táwọn òṣìṣẹ́ tó wà lójú irin fi ń gbọ́.

Ẹgbẹ́ tí Thunder gbá fún kò kéré. Ó gbá fún Apapa Bombers, ó gbá fún Marine, ó gbá fún UAC, ó gbá fún Rélùwéè, ó sì gbá fún Pan Bank. Ìdíje tó jẹ́ olórí gbogbo ìdíje nígbà yẹn ni Challenge Cup. Ọdún 1945 ló di ti gbogbo Nàìjíríà, tí àwọn ìlú bíi Port Harcourt, Kánò, Calabar àti Warri ń wá bá àwọn ẹgbẹ́ Èkó du ife. Pápá King George V ní Oníkàn ni èrò ti máa ń rọ́ kún bámúbámú, ibẹ̀ náà ló wá di pápá ìṣeré Mobolaji Johnson lónìí. Ibẹ̀ ni Thunder ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí àwọn ènìyàn ń ti ilé wá wò. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ni wọ́n ń wá wò mọ́, òun gan-an ni.

ẸSẸ̀ LÁSÁN NÍ ÌLÚ ỌBA

Ní ọdún 1949, wọ́n ṣa agbábọ́ọ̀lù 18 jọ láti gbogbo Nàìjíríà pé kí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan máa rúkọ Nàìjíríà jáde lọ bẹ́ẹ̀, ọdún 11 sì ló kù kí á gba òmìnira. Etim Henshaw, ọmọ Calabar, ni kápùtẹ́ẹ̀nì wọn. Thunder wà nínú wọn, ọmọ ọdún 22 ni.

Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Apapa ló gbé wọn kúrò ní Èkó ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 29 ni wọ́n tó dé Liverpool. Ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko lórí omi! Wọn ò tíì sinmi tán tí wọ́n fi wọ pápá. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Marine, lẹ́bàá Liverpool, ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé, wọ́n sì fi góòlù 5 sí 2 na àwọn òyìnbó nílé wọn.

Ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu jù ni ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ò wọ bàtà. Báńdéèjì ni wọ́n fi di ọrùn ẹsẹ̀, ìka ẹsẹ̀ wà níta gbangba, bí wọ́n ṣe ń gbá a nílé náà nìyẹn. Ní àwọn ilẹ̀ tó gbẹ, ó ń bá wọn lára mu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òyìnbó kì í gbẹ pẹ́. Tí òjò bá rọ̀, tí koríko bá ń yọ̀, ẹni tó wọ bàtà onírin nídìí ló ń dúró, ẹni tó wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán á máa yọ̀ bí ẹni tó tẹ ilá. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9 tí wọ́n gbá, wọ́n borí nínú 2, wọ́n gbá ọ̀mì 2, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú 5.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé wọ́n kàn lọ jìyà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n bá Sierra Leone gbá a ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, wọ́n sì fi 2 sí òdo borí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá. Gbogbo Super Eagles, gbogbo ife tí a ti gbà láti ìgbà náà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Thunder ní tiẹ̀ ti rí bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣiṣẹ́ jẹ. Ohun tó rí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ó PADÀ LỌ, ÒUN NÌKAN

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1955, ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó bá a lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti lé díẹ̀ ní ọdún 28, ọjọ́ orí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù mìíràn ti ń ronú àtifẹ̀yìntì. Ẹgbẹ́ Peterborough United ló gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, Peterborough kò tíì sí nínú Football League, ìyẹn líìgì ńlá tí gbogbo ẹgbẹ́ tó lórúkọ wà. Midland League ni wọ́n wà, ọdún 1960 ni wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹgbẹ́ náà dáńgájíá gan-an lásìkò yẹn. Àwọn ló gba ife líìgì wọn lọ́dún 1956, àyè tó ṣí sílẹ̀ fún àlejò kò pọ̀. Tí ìyá ọlọ́jà bá dé ọjà tuntun, tó bá gbogbo ìsọ̀ tó wà níwájú pé ẹnìkan ti gbà á, ẹ̀yìn ló máa pàtẹ sí. Thunder náà pàtẹ sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Skegness Town, ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìlú tó wà létí òkun.

Ẹlòmíràn á ti wálé. Òun kò wálé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1956, Queens Park Rangers ti ìlú London gbà á. Third Division South ni wọ́n wà, nínú Football League gan-an. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13 ló gbá fún wọn, góòlù 3 ló sì gbá wọlé. Bí ó ṣe di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù ní Football League nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London á mọ ọjà Shepherd's Bush, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti oúnjẹ ilẹ̀ wa. Pápá Loftus Road tí Thunder ti gbá bọ́ọ̀lù kò jìnnà síbẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá jáde láti ra iṣu níbẹ̀ kò ní rò pé òun dá nìkan wà. Ní 1956, àwọn ènìyàn wa kò tó nǹkan níbẹ̀. Òtútù wà, wọn kì í tètè fún aláwọ̀ dúdú ní yàrá rẹ́ǹtì, oúnjẹ wọn ò ní ata.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ o: góòlù 3 kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi iye yẹn nìkan wọn ọkùnrin náà á sọ pé kí ni gbogbo ariwo yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti wá. Ó ti lé ní ọdún 29 kó tó rí àyè wọlé. Ọdún tó dáa jù nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, Nàìjíríà ló ti lò ó, lórí ilẹ̀ líle, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń gbá a láìwọ bàtà. Bí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lórí àdògán, tí wọ́n wá gbé gáàsì síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò ni. Síbẹ̀ ó se é jinná. Lẹ́yìn Rangers, ó gbá díẹ̀ fún Holbeach United kó tó padà sílé.

Ẹ má sì rò pé olówó ni ó dà. Òfin wà ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ san ju iye kan lọ fún agbábọ́ọ̀lù. Ní ọdún tí Thunder wà ní Rangers, pọ́n-ùn 15 lọ́sẹ̀ ni òpin rẹ̀, bó ti wù kí ẹsẹ̀ ọmọ náà dáa tó. Ọ̀pọ̀ ni kò rí tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1961 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà. Orúkọ ni àwọn ènìyàn ìgbà náà ń gbà, owó kò bá orúkọ dọ́gba.

IṢẸ́ KEJÌ

Ohun tó mú wa fẹ́ràn ọkùnrin yìí jù ni ohun tó ṣe nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ kò ní máa sáré títí ayé. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ kóòṣì. Ó jókòó, ó gba ìwé ẹ̀rí, òun sì ni wọ́n kà sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú ìwé ẹ̀rí kóòṣì bẹ́ẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Nígbà tó délé, kò jókòó ti orúkọ pé òun ni Thunder. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ní ọdún 1968, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Òlíḿpíìkì, ní Mexico, ó wà lára àwọn kóòṣì ikọ̀ náà. Ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́ nílé nígbà náà. Japan na wọ́n 3 sí 1, Spain na wọ́n 3 sí òdo, ṣùgbọ́n wọ́n bá Brazil gbá a, ó di 3 sí 3. Brazil kan náà tí gbogbo ayé ń sá fún! Ọdún 19 péré ló wà láàárín báńdéèjì ẹsẹ̀ lásán ní Liverpool àti góòlù 3 sí Brazil, Thunder sì wà níbi méjèèjì.

ÌTÀN ÍŃDÍÀ: Ẹ JẸ́ KÁ FI Ẹ̀ SÍLẸ̀

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a kò lè fò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ ọ láti kékeré pé Nàìjíríà bá Íńdíà gbá bọ́ọ̀lù, pé Íńdíà lo oògùn, wọ́n gbá góòlù 99 sí wa, a gbá ẹyọ kan. Wọ́n á ní Thunder Balógun ló gbá ẹyọ kan náà, pé bọ́ọ̀lù ń yí padà di kìnnìún lójú aṣọ́lé, pé wọ́n ti so aṣọ pupa mọ́ ẹsẹ̀ Thunder pé kò gbọdọ̀ fi gbá a, pé ó fi gbá a, ó sì kú sórí pápá. Àwọn mìíràn á tún ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lé Íńdíà kúrò nínú bọ́ọ̀lù àgbáyé.

Irọ́ ni látòkè délẹ̀. Kò sí irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò owó dáadáa, ẹ bá wa ṣe é: góòlù 100 nínú ìṣẹ́jú 90, ìyẹn ju góòlù kan lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá sì gbá góòlù wọlé, àárín pápá ni wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù padà sí kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ gbé e? Ti Íńdíà náà, wọn ò lé wọn. Òótọ́ ni pé àwọn náà gbá a láìwọ bàtà ní Òlíḿpíìkì London ní 1948, òótọ́ sì ni pé wọn ò lọ sí ife àgbáyé 1950 tí wọ́n ti gba ìwé rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló yọwọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìtàn ẹlẹ́sẹ̀ lásán méjèèjì yìí, tiwọn àti tiwa, ló lọ́ mọ́ra wọn lẹ́nu àwọn ọmọdé.

Ìdí tí ó fi yẹ ká sọ ọ́ ni pé irọ́ yẹn ti jẹ òótọ́ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé Thunder kú sọ́wọ́ kìnnìún Íńdíà pọ̀ ju ọmọ tó mọ̀ pé ó gbá bọ́ọ̀lù ní London lọ. A fi góòlù kan tí kò gbá rí rọ́pò gbogbo èyí tó gbá. Bí ẹni tó ṣiṣẹ́ ogún ọdún, tí wọ́n wá ní ọjọ́ kan péré ló fi rí owó he lójú títì ni.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Ojú oorun ni Teslim Balógun kú sí, ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1972. Ọmọ ọdún 45 ni. Kò sí kìnnìún, kò sí aṣọ pupa. Ó sùn, kò jí. Fún ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí àrá, ikú tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni.

Ọdún 12 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1984, ìjọba ológun Gbolahan Mudasiru bẹ̀rẹ̀ pápá ìṣeré kan ní Surulere, lójúkojú National Stadium. Iṣẹ́ náà dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Ìjọba ń dé, ìjọba ń lọ. Ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i, lẹ́yìn ọdún 23! Ó gba èrò tó lé ní 24,000. Teslim Balogun Stadium lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá wọ mọ́tò gba Surulere kọjá á rí i.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, orúkọ ẹgbẹ́ wa ni alájẹṣẹ́kù: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ kù. Ìtàn Thunder bá orúkọ yìí mu. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mú owó wá, ó ti mọ̀ pé ó máa rẹ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì kọ́ iṣẹ́ kejì tó máa gbà á lọ́wọ́ èyí tó ń tán lọ. Ọjà tó ń yá lónìí kò ní yá títí láé. Eékún ìyá tó ń jókòó sọ́jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ náà máa sọ̀rọ̀ bó pẹ́ bó yá.

Ti àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ má lu ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ jẹ́ kó gbá a, kó sì ka ìwé rẹ̀. Àwọn tó bá ń wá gba owó lọ́wọ́ yín pé àwọn fẹ́ mú ọmọ yín lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè dáadáa, ẹ má ta gbogbo ọjà inú ìsọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Thunder fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo orúkọ tó ní, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ pàtẹ sí nígbà tó débẹ̀.

Tí ọmọ kan bá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn Íńdíà nílé yín, ẹ dá a dúró. Ẹ sọ fún un pé Teslim Balógun jẹ́ ènìyàn gidi, pé ó tẹ ilẹ̀ òyìnbó, pé ó gbá a wọlé ní London, pé ó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kó jẹ́ kí ohun tí àwa náà ń ṣẹ́ kù dúró lẹ́yìn wa. Àmín. Ẹgbẹ́ wa yóò máa lékè o.